Kí ni kí n rà láti fi wo fíìmù inú fláàṣì lórí TV?
Àpótí Android TV tó ní ojú USB ni kó o rà, kì í ṣe stick bíi Chromecast, torí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn fi ń ṣiṣẹ́, dátà á sì máa jẹ owó ẹ. Yẹ ara páálí ẹ̀ wò bóyá ó ń ka H.265, torí òun ni wọ́n fi fún ọ̀pọ̀ fíìmù ìsinsìnyí pọ̀, tí ò bá kà á, ó lè jẹ́ ohùn nìkan lo máa gbọ́. Fláàṣì tó bá jẹ́ FAT32 (ọ̀kan lára ọ̀nà tí fláàṣì ń gbà to fáìlì) ò lè gba fáìlì tó ju 4GB lọ, ọ̀nà míì tó ń jẹ́ exFAT ló gbà á, àmọ́ àwọn àpótí kan ò mọ exFAT o. Tí TV ẹ bá ti pẹ́ tí ò ní HDMI (ojú tí wáyà àpótí náà máa ń wọ̀), àpótí tó ní ojú AV, ìyẹn ojú wáyà àtijọ́ fún àwòrán àti ohùn, ni kó o wá.