Èsì: Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé fún ẹni tó ń lo azathioprine

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìmúra ilé o. Ẹ ní Crohn's, àìsàn ìfun ọlọ́jọ́ pípẹ́, ló ń bá yín fínra, azathioprine, oògùn tó ń dín agbára àwọn ọmọ ogun ara kù, lẹ ń lò, ẹ fẹ́ kúrò ní Ìlú Ọba lọ lo oṣù mẹ́fà nílé, dókítà yín sì ní kẹ́ ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí lẹ máa wá sọ fáwọn ará láàbù. Full blood count (kíka iye sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀), liver function test (ti ẹ̀dọ̀), àti ti kíndìnrín tí wọ́n ń pè ní U and E. Ẹ ní kí wọ́n fi CRP kún un, ìyẹn ló ń ta wá lólobó pé ìfun lè ti tún bẹ̀rẹ̀ wàhálà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fìnkìn lásán náà lè gbé e sókè.

Iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ tó wọ bàálù ni. Ẹ gba gbogbo èsì yín àtẹ̀yìnwá, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, àti ti TPMT, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ara yín ṣe lè palẹ̀ oògùn yìí mọ́ sí. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwa aláwọ̀ dúdú, neutrophil wa, ìyẹn irú white cell (sẹ́ẹ̀lì funfun) kan tó ń bá kòkòrò jà, kéré látilẹ̀wá, kì í ṣe àìsàn, bí Ọlọ́run ṣe dá wa ni. Dókítà tí ò mọ̀ yín rí lè rí 1.5 kó rò pé oògùn ló fà á, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ wà tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ 5 ló ní tẹ́lẹ̀, ó wá já sí 2, bébà ò fa ìlà pupa kankan sábẹ́ ẹ̀, àmọ́ irú ìjá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan tá à ń gbójú fò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo yúníìtì dáadáa. Haemoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, lè jẹ́ 120 (g/L) níbì kan, 12 (g/dL) níbòmíì, ọ̀kan náà ni. White cell 4.0 lè di 4,000. CRP ló máa ń rú èèyàn lójú jù, torí tí wọ́n bá kọ 3 tó sì jẹ́ mg/dL, 30 nìyẹn nínú mg/L tẹ́ ẹ ti mọ̀, ẹni tí ò wo yúníìtì á ní ara òun ti yá.

Nínú ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà ní Ìlú Ọba ń lò, tí white cell bá wálẹ̀ ju 3.5, tí platelet, sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, bá wálẹ̀ ju 140, tàbí tí ALT, ọ̀kan nínú àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, kọjá 100, wọ́n á ní kẹ́ ẹ pe àwọn. MCV (bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi tó) tó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ oògùn yẹn náà ni sábà. Ti 6-TGN, tó ń wọn ohun tí oògùn yìí dà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó kúrò, kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é.

Tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ bá wú tí ẹnì kan ní kẹ́ ẹ ra allopurinol, oògùn gout, ẹ má gbà o! Kì í jẹ́ kí ara lè palẹ̀ azathioprine mọ́, oògùn á kún ara, mùdùnmúdùn eegun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ á sì daṣẹ́ sílẹ̀. Tí ara bá gbóná, tí ọ̀fun ń dùn yín tàbí egbò yọ lẹ́nu, ẹ má kàn gbé oògùn ibà mì kẹ́ ẹ sùn, full blood count lọ́jọ́ yẹn gan-an, pẹ̀lú àyẹ̀wò ibà.

Àbẹ́rẹ́ yellow fever ńkọ́? Kòkòrò tó ṣì wà láàyè ló wà nínú ẹ̀, wọn kì í sábà fún àwa tá à ń lo oògùn yìí, lẹ́tà pé ẹ ò lè gbà á ni dókítà máa ń kọ dípò ẹ̀, ẹ yáa tètè béèrè kó má di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbéra.