Ilé tuntun mi dà bí òtẹ́ẹ̀lì, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Olùkọ́ ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti ń gbé ilé onílé, Ọlọ́run ṣe é, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta kó wọ ilé tiwa lọ́nà Ẹdẹ kí ọdún Àjíǹde tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó wà ní Èkó, tó ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí a fẹ́ kan òrùlé, fi fótò pálọ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ funfun àti góòlù, ó ní bí a ó ṣe ṣe tiwa nìyẹn. Ìyá ọkọ mi ní kí a da sìmẹ́ńtì bo gbogbo àyíká ilé nítorí ejò. Èmi náà ti kó fótò ilé olówó jọ sórí fóònù títí ó fi kún, gbogbo wọn ló sì wù mí. Mo ra àga aláwọ̀ eérú torí pé mo rí i nílé ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbé e wọlé báyìí, inú mi bàjẹ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ilé ìdáná ni mo máa ń lọ jókòó sí. Ṣé èmi ò ní ojú ẹwà ni? Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀?
Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀.

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi, ẹ kú oríire o. Ilé á tù yín lára, ẹ ó fi ṣe ohun ayọ̀, ẹ ó sì pẹ́ nínú rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń dùn ọ́ jù. O ní ojú ẹwà. Ẹni tí kò ní i kì í mọ̀ rárá pé pálọ̀ òun kò bá òun lára mu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ojú ẹlòmíràn ti pọ̀ jù nínú ilé yẹn: ojú ẹ̀gbọ́n, ojú ìyá, ojú ọ̀rẹ́, ojú àwọn tí o kò mọ̀ rí tí wọ́n wà nínú fóònù rẹ. Tìrẹ kò tíì ráyè wò.

Àwọn àgbà ní ohun tó bá wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, má tíì lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí àwọn ọmọ bá jáde, ṣí àpótí aṣọ rẹ, kó èyí tí o fi owó ara rẹ rà sórí bẹ́ẹ̀dì. Yọ aṣọ ẹbí kúrò, torí ẹlòmíràn ló yan àwọ̀ yẹn fún ọ. Wo èyí tó kù dáadáa. Wàá rí i pé àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ló ń padà wá léraléra, yálà aró ni, tàbí àwọ̀ ewé, tàbí pupa ilẹ̀ Ifẹ̀ yìí. O ti ń yàn án láti ọjọ́ pípẹ́, o kàn ń rò pé aṣọ nìkan ni.

Lẹ́yìn náà kí o gbé fóònù. Fi àga inú fótò sílẹ̀, wo ohun tó yí i ká. Ṣé ilé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé dáadáa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn? Ṣé ẹrù inú rẹ̀ kéré? Ṣé igi ni wọ́n fi ṣe nǹkan ibẹ̀, àbí dígí àti irin? Èyí tí o kò bá lè sọ ìdí tó fi wù ọ́, pa á rẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò kù, àwọn yẹn ló jẹ́ tìrẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nínú lẹ́tà rẹ ni ti ilé ìdáná, tí o kàn mẹ́nu bà bí ẹni pé kò jámọ́ nǹkan. Kí ló wà níbẹ̀? Lọ jókòó sí i ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí o sì wò ó bí àlejò. Ó lè jẹ́ pé pálọ̀ yín kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, tí ó ń gbóná kankan ní àkókò yẹn, tí ilé ìdáná sì ti wà ní ìbòòji. Ó lè jẹ́ àpótí ìjókòó tí o gbé ti ilé ìyá rẹ wá. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò tíì bá ọ dá sí. Ohunkóhun tí ó bá jẹ́, ara rẹ ti yan ibẹ̀ kí o tó mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun tó ṣeé gbé ni, gbé e wá sí pálọ̀. Bí ó bá jẹ́ ooru, aṣọ fèrèsé tó nípọn àti igi kan níta lápá ìwọ̀ oòrùn yóò ṣe ọ́ lóore ju POP èyíkéyìí lọ.

Ìlú tí o wà náà kì í ṣe ìlú tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́ ní ọ̀ṣọ́ ilé. Ó lé ní 500 ọdún tí àwọn ará Ifẹ̀ ti fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ìtàn ìlú fi iṣẹ́ náà ti Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Níbi tí wọ́n ti hú u jáde, wọn kò fi ikùn àpáàdì lélẹ̀. Wọ́n gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́, etí rẹ̀ ló wà lókè, ìlà kan dà sọ́tùn-ún, èkejì dà sósì, bí eegun ẹja, wọ́n sì to òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí i láàárín. Ní àwọn àgbàlá mìíràn, ọrùn ìkòkò ni wọ́n ri mọ́ àárín gbùngbùn. Àfọ́kù ni o, ohun tí a máa ń kó dànù. Ohun tó wà nítòsí wọn ni wọ́n lò, wọ́n sì fara balẹ̀ tò ó.

Yunifásítì ńkọ́? Nígbà tí Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ará Ísírẹ́lì, ń ya àwọn ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó mú kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ti òkè lè máa ṣíji bo ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Oòrùn àti òjò ni wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè, ẹwà wá tẹ̀ lé e. Bí èmi náà ṣe fẹ́ kí o ṣe nìyẹn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Mi ò sọ pé funfun àti góòlù burú. Ní ilé tí wọ́n máa ń ti fèrèsé pa, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, ó rẹwà gan-an. Tìrẹ, ojú ọ̀nà tó ní erùpẹ̀ pupa, ọyẹ́ tó ń bọ̀, ọmọ mẹ́ta tí wọn yóò ti pápá bọ́ọ̀lù wọlé! Ọjọ́ kan ṣoṣo ni àga funfun yóò dùn ún wò, ọjọ́ tó kù ìwọ ni yóò máa lé àwọn ọmọ rẹ kúrò lórí rẹ̀. Èmi kò fẹ́ ìyẹn fún ọ.

Àga eérú tí o rà, má tà á, owó rẹ ni. Àwọ̀ eérú kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ó bá jẹ́ aró ló pọ̀ nínú aṣọ rẹ, rán àdìrẹ sí tìmùtìmù rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Fọ àdìrẹ náà lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kí o tó rán an, má sì gbé e síbi tí oòrùn ti ń mú un tààrà, torí yóò ṣí.

Ọ̀dà ńkọ́? Má ra báọ̀kẹ́ẹ̀tì lítà 20 lójijì. Ra lítà 4, kùn ún sí ògiri méjì tó dojú kọra, kí ó tó ojú ìwé ìròyìn kan. Wò ó láàárọ̀, wò ó lọ́sàn-án, wò ó lábẹ́ gílóòbù lálẹ́, wò ó nígbà tí iná bá lọ. Àwọ̀ tó wù ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágéré lè di nǹkan mìíràn nínú ilé rẹ. Níta, kun ìdí ògiri ní àwọ̀ tó dúdú díẹ̀, torí ẹrẹ̀ tí òjò máa ń ta sí i.

Ọ̀rọ̀ ejò tí ìyá sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan, má já a kulẹ̀. Àmọ́ òdòdó kọ́ ni ejò ń wá. Eku àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ń lé, ibi tó ṣókùnkùn ló sì ń sá sí: búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù níbi ìkọ́lé, pákó tí wọ́n tò ti ògiri, koríko tó ga. Kó gbogbo ìyẹn kúrò lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ẹ da sìmẹ́ńtì yí ìdí ilé ká, kí ó fẹ̀ tó mítà kan, kí ẹ sì da á láti géètì dé ibi tí mọ́tò ń dúró. Ẹ jẹ́ kí ìyókù jẹ́ ilẹ̀. Bí sìmẹ́ńtì tàbí íntálọ́ọ̀kì bá bo gbogbo rẹ̀, ooru rẹ̀ yóò máa bá yín sùn, omi òjò kò sì ní ríbi wọ̀, ilé aládùúgbò ni yóò gbà lọ.

Nísinsìnyí tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ rọ̀. Gé ọ̀pá pèrègún, ri í mọ́ ìdí ọgbà ní ìlà kan, yóò hù láìsí wàhálà. Fún ìyá ní ẹ̀yìn ilé ìdáná kí ó gbin ewúro, ẹfinrin, ewé tíì, kí ọ̀dúndún àti rinrin wà níbi tó bá ní ìbòòji. Jẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ pátápátá. Tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin nǹkan, kò ní bẹ̀bẹ̀ fún sìmẹ́ńtì mọ́. Àfọ́kù táìsì tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sílẹ̀, fi tẹ́ ọ̀nà kékeré lọ síbẹ̀, kí etí tó mú wà nínú ilẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ.

Ọkọ rẹ kò sọ nǹkan kan nínú gbogbo lẹ́tà yìí, ìyẹn sì kọ mí lóminú díẹ̀. Má bi í ní àwọ̀. Bi í níbi tó fẹ́ máa jókòó sí tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí o sì ṣe ibẹ̀ fún un.

Ó wá ku ẹ̀gbọ́n. Má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, pè é, kí ọkọ rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Dúpẹ́ òrùlé lẹ́ẹ̀kan sí i, oore ńlá ni. Sọ fún un pé yàrá àlejò ti wọn ni, funfun àti góòlù tí wọ́n fẹ́ ni ẹ ó ṣe sí i, kí wọ́n lè bá a bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá wá ṣọdún Kérésìmesì. Tí wọ́n bá béèrè pálọ̀, dá wọn lóhùn pé ẹ ṣì ń gbé inú rẹ̀ wò. Òótọ́ ni, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Pè wọ́n kí o tó ra ọ̀dà.