Báwo ni GLP-1 tó ń jáde látinú ìfun ṣe kan ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àti ebi?

GLP-1 ni purotéènì kékeré kan tí ìfun máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tá a bá jẹun, òun ló ń jẹ́ kí pancreas, ìyẹn ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn, tú họ́mọ̀nù insulin jáde kí ṣúgà lè wálẹ̀, ó sì ń jẹ́ kéèyàn tètè yó. Ohun tó dáa jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni pé ìgbà tí ṣúgà bá ga ló máa ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa, tí ṣúgà bá ti wálẹ̀ òun náà á rọra. Ó tún ń dín glucagon kù, ìyẹn họ́mọ̀nù tó ń ní kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, ó ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn, ó sì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ó ti tó. Àmọ́ kì í pẹ́ lára o, láàárín bí ìṣẹ́jú 2 ni DPP-4, ìyẹn èròjà inú ara kan tó ń gé purotéènì, ti máa ń gé èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe oògùn bíi semaglutide tó jọ ọ́, tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń lo insulin mọ́ oògùn yẹn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí ṣúgà ẹ̀ ṣì lè já wálẹ̀ jù.