Èsì: Bọ́ọ̀lù Kérésì tó rí pẹlẹbẹ nínú GIMP

O ní bọ́ọ̀lù Kérésì tí o fi GIMP (ètò kọ̀ǹpútà fún yíya àwòrán) yà rí pẹlẹbẹ bí àwo, àti pé funfun máa ń yí i ká tí o bá gbé e sórí káàdì.

Ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ gradient (àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ sí òmíràn) ló sọ ọ́ di àwo. Ṣí àwòrán tuntun, 1200 × 1200 píksẹ́lì, kí o yan Transparency (kí ẹ̀yìn rẹ̀ má ní àwọ̀ kankan) sí “Fill with”. Mú Ellipse Select (irinṣẹ́ tó ń yan ibi róbótó), bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ ná kí o tó tẹ Shift, kó lè rí róbótó gan-an. Tí Shift bá ṣáájú, GIMP á rò pé o fẹ́ fi kún ohun tí o ti yàn tẹ́lẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, Gradient, kí Shape rẹ̀ jẹ́ Radial: àwọ̀ àkọ́kọ́ ff5a4d (pupa tó mọ́lẹ̀), èkejì 5a0008 (pupa tó ṣókùnkùn). Má bẹ̀rẹ̀ láàárín gbùngbùn o! Òkè lápá òsì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o wọ́ ọ dé etí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

Fún dídán rẹ̀, ya róbótó funfun kékeré sórí layer tuntun (ìpele tó wà lórí àwòrán náà), yọ selection (ibi tí o yàn) kúrò, fi Gaussian Blur 15 sí i kí etí rẹ̀ lè rọ̀, kí o dín Opacity (bó ṣe bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó) kù sí 70. Tí o bá gbàgbé láti yọ selection, etí rẹ̀ á le gbagidi.

Ìràwọ̀ tàbí ìlà? Layer tiwọn, kí o lo Spherize (tó ń mú wọn tẹ̀ bíi ojú bọ́ọ̀lù), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á dà bíi bébà tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdérí òkè kò le: onígun mẹ́rin eérú kan ti tó.

Ti funfun yẹn, JPEG ni. Kò lè gba transparency. Export ọ sí PNG, má sì fọwọ́ kan Flatten Image, tó ń pa gbogbo layer pọ̀ tó sì ń yọ transparency kúrò.