Ìjákulẹ̀ olùwáṣẹ́ pín sí méjì

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ: báńkì kan pè ọ́ fún íńtáfíù lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá ní àwọn ti mú ẹlòmíì. Láti ìgbà náà, àtidìde nílẹ̀ láàárọ̀ di ogun, màmá rẹ sì ń fi ọmọ aládùúgbò yín ṣe àpẹẹrẹ fún ọ. Pẹ̀lẹ́ o. Mi ò ní sọ pé kí o tẹra mọ́ àdúrà, ìyẹn á ti kún ọ létí.

HND, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, ni mo ní. Ó pẹ́ gan-an tí mo fi wáṣẹ́ n'Ìbàdàn àti l'Ékòó. Ohun tó bá mi dá ọkàn dúró ni pé mo mọ̀ pé ìjákulẹ̀ kan wà tí kò kàn mí rárá. Ìpolówó tó ní o kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 26 lọ, tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ sì ti jẹ́ kí o dàgbà síléèwé. Iṣẹ́ ìjọba tó máa ń gba oníBSc, ìyẹn ẹni tó gboyè ní yunifásítì, wọlé ní ipele tó ga ju ti oníHND lọ nígbà náà. Iṣẹ́ tí ọ̀gá ti fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ìpolówó tó jáde. Ta ló fẹ́ sunkún nítorí ìyẹn?

Ẹni tó wáṣẹ́ lásìkò tèmi ò lè gbàgbé ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọdún 2014. Èèyàn tó lé ní 500,000 ló ń du iṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n tí kò tó 5,000. Oníkálukú san náírà 1,000, wọ́n dà wọ́n sí pápá ìṣeré káàkiri fún ìdánwò, àwọn kan sì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ l'Abuja, Port Harcourt, Minna àti Benin. Ṣé a máa wá sọ pé àwọn tí kò rí i gbà ò mọ̀wé ni?

Tìẹ yìí yàtọ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fẹ́ràn ohun tí wọ́n rí. Kọ lẹ́tà kúkúrú sí wọn, dúpẹ́, kí o béèrè ohun tí ẹni tí wọ́n mú fi jù ọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní dáhùn. Ẹnì kan dá mi lóhùn pé ẹni náà mọ Excel jù mí lọ. Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n Excel ṣeé kọ́.

Ní ti màmá, má ṣe máa ròyìn gbogbo íńtáfíù nílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni mo máa ń sọ fún. Tí kò bá bọ́ sí i, ẹnì kan péré ni màá ṣàlàyé fún.

Wá nǹkan tí ẹnì kan á ti máa retí rẹ níbẹ̀. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC ní ìṣirò nírọ̀lẹ́. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó ra dátà, àmọ́ ọmọ ò mọ̀ pé wọ́n já tíṣà kulẹ̀. Aago mẹ́rin ni wọ́n mọ̀, torí náà mo gbọ́dọ̀ wẹ̀, kí n lọ aṣọ.

Ṣọ́ra fún àwọn tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe èèyàn sí íńtáfíù tí o kò bẹ̀ wọ́n fún. Ìgbà tí ọkàn bá ti rẹ̀ wá gan-an ni wọ́n ń rí wa mú. Bí wọ́n bá ní kí o kọ́kọ́ ra fọ́ọ̀mù tàbí oògùn tí wọ́n ń tà, gbé fáìlì rẹ, máa lọ. Owó ọkọ̀ tí o ná débẹ̀ ti tó.