Ẹ Bi Wá Ká Dá Yín Lóhùn: Ṣé Ẹ̀yà Kan Lórí Owó Ju Ẹ̀yà Kejì Lọ Lójú Àjò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀dítọ̀ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń fa awuyewuye lórí WhatsApp ẹbí wa látọjọ́ yìí. Bùrọ̀dá mi ń gbé ní Glendale lẹ́gbẹ̀ẹ́ Los Angeles, wọ́n ní àwọn ará Arméníà ló kún ibẹ̀, àwọn ló ni ṣọ́ọ̀bù, àwọn ni lọ́yà, àwọn ni dókítà eyín, pé torí Kristẹni ni wọ́n tí wọ́n sì ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Cologne ní Jámánì wá ní àwọn ará Túrkì tó wà lọ́dọ̀ tòun, lébìrà ilé iṣẹ́ ló pọ̀ nínú wọn, àwọn tó ń ta ẹran sísun inú búrẹ́dì, àwọn tó ń wa tákísì. Ni bùrọ̀dá mi bá ní ṣé mo rí i, pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ẹ̀yà kan lórí owó, èkejì ò ní. Mi ò gbà, àmọ́ mi ò mọ ohun tí màá fi dá wọn lóhùn. Ẹ bá wa dá sí i. — Òǹkàwé yín, Adó-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun gan-an ni o. Ohun tí bùrọ̀dá yín rí àti ohun tọ́mọ yín rí, kò sírọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn lèmi náà ò gbà rárá, ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀, ó máa gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Cologne. Ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1961 ni ìjọba Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn àti ìjọba Túrkì tọwọ́ bọ̀wé pé kí Túrkì máa fi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́. Jámánì ń wá ẹni tó máa wọ kòtò èédú ní agbègbè Ruhr, ẹni tó máa dúró nídìí ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ mọ́tò Ford ní Cologne yẹn gan-an, iṣẹ́ tọ́mọ onílẹ̀ ò fẹ́ fọwọ́ kàn mọ́. Wọ́n ṣí ọ́fíìsì sí Istanbul, dókítà á yẹ èèyàn wò látorí dé ẹsẹ̀, wọ́n á ní kó lanu kí wọ́n wo eyín ẹ̀, ẹni tára ẹ̀ bá le ló ń wọ rélùwéè. Agbára apá ni wọ́n ń rà, wọn ò wá ẹni tó ka ìwé púpọ̀. Àdéhùn àkọ́kọ́ ni pé kéèyàn ṣe ọdún 2 kó máa lọ sílé, 1964 ni wọ́n tó yọ ìyẹn kúrò torí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní àwọn ò lè máa kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 1973 tí epo rọ̀bì gbówó lórí káàkiri ayé, Jámánì ní ó tó, àwọn ò gba òṣìṣẹ́ mọ́. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ wá mọ̀ pé bóun bá fi lè lọ sílé pẹ́nrẹ́n òun ò ní ráyè padà wọlé, ló bá jókòó ẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ránṣẹ́ pe ìyàwó àtọmọ.

Àwọn ọmọ yẹn wá bọ́ sínú ètò sùkúù tó jẹ́ pé bọ́mọ bá ti ń lọ sí ọdún 10 ni wọ́n ti ń pín wọn, àwọn kan á lọ Gymnasium tó ń gbéèyàn dé yunifásítì, àwọn kan á lọ Realschule tó wà láàárín, àwọn tó kù á lọ Hauptschule tó ń gbé wọn lọ sídìí iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ tí ò tíì gbọ́ èdè Jámánì dáadáa, tí bàbá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, tí ìyá ẹ̀ ò lè ka lẹ́tà tí tíṣà kọ wá sílé, ibo lẹ rò pé wọ́n máa tì í sí? Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Àwa ọmọ Èkìtì tí bàbá wa ta kòkó, tí wọ́n tún fi ilẹ̀ dúró, torí owó sùkúù, a mọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yunifásítì mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lójú.

Kò tán síbẹ̀ o. Ọmọ tí wọ́n bí sí Jámánì gan-an, bí bàbá àti ìyá ẹ̀ bá jẹ́ àjèjì, àjèjì ni lójú òfin, ó di January 2000 kí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka díẹ̀ nínú wọn mọ́ ọmọ onílẹ̀ látọjọ́ ìbí. Ẹni tó bá fẹ́ gbàwé Jámánì, púpọ̀ nínú wọn ló ní láti kọ́kọ́ ju ti Túrkì sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ò sì lè ṣe é, 2024 ni wọ́n tó ní kéèyàn máa mú méjèèjì. Ẹni tí ò lè dìbò, ta ló máa gbọ́ tiẹ̀? Kòtò èédú wá ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó gbẹ̀yìn ní Ruhr tì ní 2018, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ náà dín èèyàn kù, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ya ṣọ́ọ̀bù kékeré, ó ń ta döner. Ibi tí ẹran inú búrẹ́dì tọ́mọ yín rí yẹn ti wá nìyẹn.

Ó kan àwọn Arméníà. Ẹ sọ fún bùrọ̀dá yín pé àwọn tó kọ́kọ́ dé ò gbówó kankan dání. 1915 ni ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba Túrkì àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn Arméníà kúrò nílé bàbá wọn, tí wọ́n ń pa wọ́n, tí wọ́n ń dà wọ́n sínú aṣálẹ̀ Síríà, ọ̀pọ̀ òpìtàn ló ní àwọn tó kú tó mílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó yè é, àwọn ọmọ òrukàn pọ̀ nínú wọn, ló fọ́n ká sí Aleppo, Beirut, Marseille àti Amẹ́ríkà. Àwọn kan ti wà l'Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ wáyà ní Worcester, wọ́n ń gbin èso àjàrà ní Fresno, California. Ní Fresno yẹn, ìwé ilẹ̀ àwọn àdúgbò kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ta ilé fún ọmọ Arméníà. Wọn ò fojúure gbà wọ́n o.

Kí ló wá yí i padà? Òfin wà níbẹ̀. California ṣe òfin kan ní 1913 pé àjèjì tí kò lè di ọmọ Amẹ́ríkà láéláé ò gbọ́dọ̀ ra ilẹ̀ oko, ìgbà yẹn sì rèé, èèyàn funfun àti èèyàn dúdú nìkan ni òfin gbà kó di ọmọ onílẹ̀. Òfin yẹn ká àwọn ará Japan mọ́. Ìjọba wá gbé Tatos Cartozian, oníṣòwò kápẹ́ẹ̀tì kan tó jẹ́ ọmọ Arméníà, lọ sí kóòtù ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, pé kí wọ́n gba ìwé ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ torí kì í ṣe èèyàn funfun, adájọ́ dá a láre ní 1925, ó ní wọ́n ka àwọn Arméníà mọ́ funfun. Ẹ ò rí i báyìí, ọmọ Japan àti ọmọ Arméníà jọ ń gbin nǹkan lórí ilẹ̀ California kan náà, ọmọ Arméníà ń ra ilẹ̀ tó ń fi jogún fọ́mọ, òfin ò jẹ́ kí ọmọ Japan ra tiẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀kankan ò dáa ju èkejì lọ.

Ti pé wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́, bùrọ̀dá yín gba ibi tó yẹ kó gbà lórí ìyẹn, mo fún wọn ní máàkì. Ẹgbẹ́ AGBU, ìyẹn ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwọn Arméníà, tí Boghos Nubar àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dá sílẹ̀ ní Cairo ní 1906 ti kọ́ sùkúù, ó ti tọ́jú ọmọ òrukàn láìmọye. Alex Manoogian, ọmọ Arméníà kan, wọ Amẹ́ríkà ní 1920, ó dá ilé iṣẹ́ Masco sílẹ̀ ní Detroit ní 1929, owó ńlá ló ná sórí ẹgbẹ́ yẹn títí ó fi di arúgbó. Ní Beirut, àdúgbò Bourj Hammoud tó bẹ̀rẹ̀ bí àgọ́ àwọn tógun lé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́ sùkúù, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ bàtà àti ti góòlù. Nígbà tógun wá bẹ́ sílẹ̀ ní Lẹ́bánónì ní 1975, àti nígbà tí nǹkan dojú rú ní Ìránì ní 1979, púpọ̀ nínú àwọn tó sá wá sí Los Angeles ti kàwé, wọ́n ti gbọ́ èdè bíi mẹ́ta, wọ́n ti mọ bísínẹ́ẹ̀sì láti ilé. Àwọn wọ̀nyí náà wà lára àwọn tí bùrọ̀dá yín ń rí ní ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n àwọn míì wá láti Arméníà gan-an lábẹ́ ìjọba Sófíẹ̀tì àti lẹ́yìn 1991 tí Sófíẹ̀tì túká, wọ́n ní páálí ẹnjiníà, wọn ò gbọ́ òyìnbó, wọn ò ṣe bísínẹ́ẹ̀sì tara wọn rí, owó ìrànwọ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ ń jẹ. Arúgbó Arméníà tó ń gbé yàrá kékeré ní Glendale pọ̀. Bùrọ̀dá yín lè máà rí wọn torí wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi orúkọ wọn sí lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká yí i padà wàyí. Ará Túrkì tó lọ sí Amẹ́ríkà ńkọ́? Àwọn tó lọ láti nǹkan bíi 1950, dókítà, ẹnjiníà àtàwọn tó lọ kàwé ló pọ̀ nínú wọn, torí òkun wà láàárín, kò sẹ́ni tó ń gba lébìrà Túrkì sí Detroit bí Jámánì ṣe ń gbà wọ́n. Àwọn tí wọ́n bí ní Túrkì tó wà ní Amẹ́ríkà lónìí, ìpín àwọn tó ní dìgírì nínú wọn ju ti gbogbo ará Amẹ́ríkà lápapọ̀ lọ. Aziz Sancar, ọmọ ìlú kékeré Savur lágbègbè Mardin, Amẹ́ríkà ló ti ṣe iṣẹ́ tó fi gba Nobel kẹ́místírì ní 2015. Ẹ wá wo àwọn Arméníà tí kò lọ sí Amẹ́ríkà: lẹ́yìn 1991 tí nǹkan le ní Arméníà, àwọn obìnrin ibẹ̀ ń lọ sí Istanbul lọ́hùn-ún, wọ́n ń tọ́jú arúgbó, wọ́n ń gbálẹ̀ nílé onílé, àwọn ọkùnrin ń lọ kọ́lé kiri Rọ́ṣíà tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé. Kristẹni làwọn náà o, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni. Ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí bùrọ̀dá yín sọ yẹn ò fi dúró nìyẹn.

Ká mú un wálé. Ìgbìrà tó ń roko àroje fún wa lọ́nà Ìkọ̀lé, àti Ìgbìrà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní yunifásítì, ṣé ẹnikẹ́ni lè wo ti oko nìkan kó ní òun ti mọ gbogbo Ìgbìrà? Ohun tó gbé kálukú wá ló yàtọ̀.

Ẹ tún kíyè sí bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n. Jámánì máa ń wo páàsì téèyàn tàbí òbí ẹ̀ mú wá, nítorí náà Kúdì, ẹ̀yà míì tó wà ní Túrkì, àti Arméníà tó bá wọlé pẹ̀lú páàsì Túrkì, Túrkì ni wọ́n kà wọ́n sí. Amẹ́ríkà ní tiẹ̀ máa ń bi èèyàn pé níbo làwọn baba ńlá ẹ ti wá, ọmọ-ọmọ àgbẹ̀ Fresno tó ti di alákòóso báńkì lè ṣì dáhùn pé Arméníà. Ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìdílé kan ti fi ń kówó jọ lẹ fi ń díwọ̀n ìdílé tó bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ Ford. Kì í ṣe ìdíwọ̀n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè o. Wọ́n ní ọmọ Túrkì ló ṣe abẹ́rẹ́ kòrónà, ẹlòmíì ní ọmọ Arméníà ni. Èwo ni ká mú? — Òǹkàwé láti Ìdó-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ mú méjèèjì. BioNTech tó bá Pfizer ṣe tiwọn, Uğur Şahin àti ìyàwó ẹ̀ Özlem Türeci, tí ìdílé àwọn méjèèjì wá láti Túrkì, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Mainz ní 2008. Noubar Afeyan, ọmọ Arméníà tí wọ́n bí ní Beirut tí ìdílé ẹ̀ sá fógun Lẹ́bánónì, wà lára àwọn tó dá Moderna, tóun náà ṣe abẹ́rẹ́ kòrónà, sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní 2010. Bàbá Şahin, Ford ní Cologne ló ti ṣiṣẹ́, ọmọ ọdún 4 lòun fúnra ẹ̀ nígbà tó dé Jámánì. Tíṣà ẹ̀ ti ní Hauptschule ni kó lọ, aládùúgbò wọn kan tó jẹ́ ọmọ Jámánì ló dá sí i tó fi rí Gymnasium wọ̀. Mo máa ń ronú nípa àwọn tí ò ní irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi nọ́ọ̀sì ni, ó fẹ́ jápa lọ Jámánì. Ṣé ipò lébìrà yẹn kọ́ ló ń lọ bá? — Ìyá kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Mà, ọkàn yín balẹ̀, ṣùgbọ́n kó má sáré. Ọmọ yín ń lọ pẹ̀lú páálí, àmọ́ páálí yẹn, àfi kí Jámánì tẹ́wọ́ gbà á kí wọ́n tó lè pè é ní nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún. Bí wọn ò bá tíì gbà á, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa fi ṣe, owó ẹ̀ kéré, ibẹ̀ ni àwọn míì ń há sí fún ọdún gbọọrọ. Èdè ló ń dí wọn lọ́wọ́ jù, ipele B2 nínú ìdánwò èdè Jámánì ni wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, tó ń san owó orí, lẹ́yìn ọdún 5 ó lè béèrè fún ìwé ọmọ onílẹ̀ láìju ti Nàìjíríà nù. Bó bá sì bímọ síbẹ̀, kó wà lójúfò nígbà tọ́mọ bá dé kíláàsì kẹrin, kó lọ bá tíṣà jókòó, kó béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ náà lọ àti ìdí ẹ̀. Ní báyìí ná, kó lọ forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì èdè, Goethe-Institut tó ń kọ́ èèyàn ní èdè Jámánì wà ní Èkó, kó gba B2 lọ́wọ́ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.