Mo ra sípíkà 5.1, orin ń dún ṣùgbọ́n nínú fíìmù ẹnu wọn kàn ń mì lásán

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra sípíkà 5.1 fún dẹ́sítọ́ọ̀pù mi, wáyà mẹ́ta ló bá a wá, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan aláwọ̀ ọsàn. Àmọ́ ihò tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà mi, ewé, búlúù àti píńkì ni. Mo ki ti ewé bọ ewé, mo wá wọ inú Windows lọ yan 5.1. Orin ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá ń wo fíìmù, mò ń gbọ́ ìbọn, mò ń gbọ́ mọ́tò, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? Àbí 7.1 ló yẹ kí n rà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fọkàn balẹ̀, sípíkà ẹ ò ṣe nǹkan kan. Irọ́ lo pa fún kọ̀ǹpútà ẹ, ó sì gbà ẹ́ gbọ́. O ní sípíkà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ méjì péré lo so mọ́ ọn.

Jẹ́ n kọ́kọ́ tú nọ́ńbà yẹn. 5 yẹn ni sípíkà tó ń gbé gbogbo ohùn: méjì níwájú lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kan láàárín tí à ń pè ní sẹ́ńtà, méjì lẹ́yìn. .1 yẹn ni wúfà. Wọn ò kà á sí odindi torí kìkì ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé, ìyẹn àrá, bọ́ǹbù, ìlù tó ń mi àyà, láti nǹkan bíi 120 Hz wálẹ̀ (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), nígbà tí àwọn tó kù lè gbé e dé 20,000 Hz. Torí náà 2.0 ni sípíkà méjì láìsí wúfà, 2.1 ni méjì pẹ̀lú wúfà, 5.1 sì ni ohùn mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yẹn ni kókó o, kì í ṣe iye páálí onígi tó wà nílẹ̀.

Wá mú ẹnu wáyà aláwọ̀ ewé yẹn, gbé e súnmọ́ ojú. Wàá rí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó pín irin ẹ̀ sọ́nà mẹ́ta. Ṣóńṣó orí ẹ̀ ń gbé ohùn òsì, irin àárín ń gbé ti ọ̀tún, irin ìdí ẹ̀ ni àwọn méjèèjì jọ ń gbà padà. Ìyẹn ni pé ohùn méjì péré ni wáyà kan lè gbé, kò lè gbé mẹ́ta láéláé. Ohùn mẹ́fà á wá gba wáyà mẹ́ta: ewé fún iwájú méjèèjì, dúdú fún ẹ̀yìn méjèèjì, ọsàn fún sẹ́ńtà àti wúfà.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù, inú sẹ́ńtà ni wọ́n máa ń kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu sí, kó lè dà bíi pé ẹnu ẹni tó wà lójú ẹ̀rọ ló ti ń jáde, ìbọn àti mọ́tò àti orin ni wọ́n máa ń tú ká sáwọn ibi yòókù. Nígbà tó o wá sọ fún Windows pé 5.1 ni, ó gbé ọ̀rọ̀ wọn fún sẹ́ńtà tí kò sí níbẹ̀, bí ìgbà téèyàn fi iṣẹ́ rán ẹni tí ò sí nílé. Ìdí tí orin fi ń dún ni pé ohùn méjì ni orin fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́, wáyà ewé nìkan sì tó o.

Tó o bá fẹ́ wo fíìmù lálẹ́ òní, tẹ Windows àti R pọ̀, kọ mmsys.cpl, lábẹ́ Playback tẹ Speakers, tẹ Configure, kó o yan Stereo, ìyẹn ohùn méjì. Pa fíìmù náà kó o tún un ṣí. Kọ̀ǹpútà á po ohùn sẹ́ńtà mọ́ ti iwájú méjèèjì, wàá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Tó bá jẹ́ 5.1 gidi lo wá fẹ́, ti ihò ló kù. Búlúù jẹ́ ihò tí ohùn ń gbà wọlé, píńkì jẹ́ ti máíkì, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà oníhò mẹ́ta tó ń lo Realtek, ìyẹn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó ohùn, èèyàn lè yí iṣẹ́ wọn padà, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò sì mọ̀, wọ́n á sáré lọ ra nǹkan tí wọn ò nílò. Ṣí Realtek Audio Console, tàbí Realtek HD Audio Manager tó bá jẹ́ ti àtijọ́, yan 5.1 níbẹ̀. Ki wáyà dúdú bọ búlúù, tó bá bi ẹ́ pé kí lo kì bọ̀ ọ́, yan Rear Speaker Out. Ki ọsàn bọ píńkì, yan Center/Subwoofer. Máíkì ẹ á wá lọ sí ihò iwájú kọ̀ǹpútà. Padà sínú Configure, yan 5.1, tẹ Test, kó o máa fetí sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí sẹ́ńtà àti wúfà bá gba iṣẹ́ ara wọn ṣe, ó wọ́pọ̀, má wulẹ̀ tú nǹkan kan, wá Swap Center/Subwoofer nínú Realtek yẹn kó o tẹ̀ ẹ́.

Bó o ṣe máa tò wọ́n: sẹ́ńtà sábẹ́ mọ́nítọ̀, iwájú méjèèjì kó ya sí ẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 30 sí ọ̀kánkán ojú ẹ. Èyí táwọn èèyàn máa ń bàjẹ́ ni ti ẹ̀yìn, wọ́n á lọ kàn án mọ́ ògiri tó jìnnà rere sẹ́yìn wọn. Ẹ̀gbẹ́ ẹ ló yẹ kó wà, kó kàn fi díẹ̀ kọjá etí ẹ sẹ́yìn, láàárín ìwọ̀n dígírì 100 sí 120 láti ọ̀kánkán ojú ẹ. Wúfà, gbé e sílẹ̀ níbi tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, etí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti ń bọ̀, àmọ́ má tì í mọ́ kọ́nà tó ò bá fẹ́ kí onílé wá bá ẹ.

Lẹ́yìn èyí tó o bá rí i pé ẹ̀yìn ò dún nígbà tó ò ń gbọ́ orin, má pè mí o, ohùn méjì náà nìyẹn. Speaker Fill wà nínú Realtek tó lè tú u ká gbogbo sípíkà, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, ó máa ń da orin rú.

Ti 7.1 tó o béèrè, á fi sípíkà méjì kún ẹ̀gbẹ́, wáyà kẹrin, aláwọ̀ eérú. Nínú yàrá kan tí bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì ti gba tán, níbo lo fẹ́ gbé e sí? Fi owó yẹn pa mọ́. Àwọn tọ́jà wọn kọ 5.1 gàgàrà sára páálí tó wá jẹ́ pé Bluetooth àti wáyà kan ṣoṣo ló ní, àwọn yẹn ni kó o sá fún, torí ohùn méjì náà ni Bluetooth ń gbé lọ fún sípíkà, wọ́n kàn ń pín in fún márùn-ún ni.

Tí Realtek tìẹ ò bá gbà kó o yí ihò padà, ra sound card oní-USB, ẹ̀rọ kékeré tí wàá ki bọ ihò USB kó lè máa gbé ohùn jáde. Kí o tó sanwó, ka ihò ẹ̀. Kékeré kan wà tí wọ́n kọ 7.1 sí lára tó jẹ́ ihò ìgbọ́hùn kan àti ti máíkì kan péré ló ní, dá a padà fún wọn. Èyí tó máa ṣiṣẹ́ fún ẹ gbọ́dọ̀ ní ihò iwájú, ti ẹ̀yìn, àti ti sẹ́ńtà pẹ̀lú wúfà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.